Ta Ló Bu Omi sí Ọ́ìlì Bàbá Mi?

Kí ènìyàn tó la ẹnu sọ pé àgbàlagbà kan ń ṣarán, ó yẹ kí ó dá a lójú. Mo ti sọ èyí lójú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo sì tún ń kọ ọ́ sílẹ̀ níbí, nítorí inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀ títí di òní. Wọ́n ní bàbá wa bu omi sí ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá wa o. Ọkùnrin tó fi ọkọ̀ akẹ́rù kó kòkó láti oko Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ìbàdàn àti Èkó títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ẹni tó fi ọkọ̀ wíwà rán gbogbo wa níléèwé. Òun ni wọ́n ní kò mọ ibi omi yàtọ̀ sí ibi ọ́ìlì mọ́.

Ọ́ìlì gan-an ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òṣogbo, kò jìnnà sí Ọjà Ọba: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì bíréèkì, gírísì, pẹ̀lú omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní kúláǹtì, èyí tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Àwọn mẹkáníìkì ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́ìlì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì, mi ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ata mọ èyí tó ti rà. Mo mọ ọ́ìlì tó ti gbó, mo mọ èyí tí wọ́n ti lú, mo sì mọ èyí tí omi ti wọ̀, nítorí àwọn oníbàárà a máa gbé e wá fún mi nínú ike, wọ́n á ní ọjà tí mo tà fún àwọn ni kò dára. Mi ò kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Bàbá nìkan ló ń gbé ní Iléṣà láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Ilé tó fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ́ ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n òun ló fi ń lọ oko, òun ló sì fi ń gbé àwọn ìyá àgbà mẹ́ta kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n á máa ṣàdúrà fún un láti ẹnu géètì títí dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó máa ń sọ fún wa pé ọjọ́ tí òun bá jókòó síwájú ilé tí òun ń retí ẹni tí yóò wá gbé òun jáde, ọjọ́ náà ni kí a lọ máa wá pósí. A máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ náà gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà oko. Mẹkáníìkì rẹ̀ ní Iléṣà, ọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ju iṣẹ́ í ṣe lọ, ní gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Gásíkẹ́ẹ̀tì yìí ni pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ìdí rẹ̀. Ọ̀nà omi àti ọ̀nà ọ́ìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú irin ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì ni kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Mẹkáníìkì ní kí a wá tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ra tuntun, ó fi ránṣẹ́. Èmi náà fi ọ́ìlì àti gálọ́ọ̀nù kúláǹtì kan ránṣẹ́ láti Òṣogbo. Nígbà tó yá, mẹkáníìkì pè mí lórí fóònù pé iṣẹ́ ti parí, òun ti da kúláǹtì sí rédíétọ̀, èyí tó ṣẹ́kù wà lọ́dọ̀ òun, òun ni yóò máa fi kún un fún Bàbá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún ṣàdúrà fún un, àdúrà tí inú ń bí mi sí tí mo bá rántí.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, aláṣọ ni. Ó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba, ó sì kọ́lé sí Ìdó-Ọ̀ṣun. Òun ni àkọ́bí, ohun tó bá sì sọ nínú ilé wa, bí òfin ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó lọ kí Bàbá ní Iléṣà. Bàbá ní kí ó jẹ́ kí àwọn jọ lọ wo oko. Ọkọ̀ kò tíì kọjá ẹnu géètì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín funfun, ó ń gbọ̀n, ó sì kú. Wọ́n ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ó dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa gééjì yọ, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì. Ọ́ìlì ti di tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ohun funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ bí ògì. Ó mi orí títí. Ó wá fa ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Wọ́n ti bu omi síbi ọ́ìlì. Ẹ mọ̀ pé àgbà ti dé."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí Bàbá. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ bu omi sí i?"

Bàbá ní, "Mo bu omi sí i. Àràárọ̀ ni mò ń bu omi sí i."

Ó parí. Wọ́n ti dájọ́. Kò sí ẹni tó tún béèrè ọ̀rọ̀ kan sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ túfọ̀. Ó ní Bàbá ti ń ṣarán, wọ́n sì ti fẹnu ara wọn jẹ́wọ́. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà nínú àpò òun. Ó ní kí oṣù tó parí, òun yóò kó wọn wá sí Ìdó-Ọ̀ṣun, yàrá ẹ̀yìn ṣófo, a ó sì wá ayálégbé sí ilé Iléṣà. Ó ní bí wọ́n bá lè bu omi sí ọ́ìlì lónìí, kí ni wọn kò ní í bù sí ọbẹ̀ lọ́la. Ó tún ní bí wọ́n bá lọ fi ọkọ̀ gbá ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló rí wọn nígbà tí wọ́n ń bu ú?"

"Mo ní wọ́n jẹ́wọ́. Etí ara mi ni mo fi gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mi ò pè é padà.

Mo ń da ọ̀rọ̀ náà rò bí mo ṣe ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo bu omi sí i. Sí kí ni? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ rí dá mi lóhùn. Kò sí awakọ̀ kan láti Òṣogbo dé Iléṣà tí yóò la ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ sọ pé òun fẹ́ bu omi sí rédíétọ̀. Omi ni wọ́n ń bu sí mọ́tò. "Ṣé o ti bu omi sí i?" "Mo ti bu omi sí i." Gbogbo ayé ló mọ ibi tí omi náà ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í bi ni pé ibo. Àfi lẹ́nu bàbá mi. Tirẹ̀ ló di ìjẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo awakọ̀ ń sọ kí wọ́n tó fọ ẹnu láàárọ̀ ni wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi dè é lókùn. Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tipátipá tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò mi fi béèrè ẹni tó bí mi nínú.

Ọjọ́ kejì tíí ṣe ọjọ́ Ìsinmi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Mo bá Bàbá níwájú ilé. Ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tán, ó de fìlà, ó mú Bíbélì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí náà ló wà. Àwọn ìyá àgbà rẹ̀ ti bá kẹ̀kẹ́ lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò wo ojú mi.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ní kí o wá wo orí mi ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ọkọ̀ ni mo wá wò."

"Ọkọ̀ wà níbẹ̀. Kò sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Omi tí ẹ̀ ń bù láàárọ̀ yẹn, ibo lẹ̀ ń bu ú sí?"

Ó dìde dúró. Bí inú bá bí bàbá mi, Ìjẹ̀ṣà paraku ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ilé á di ulé, a ò sì ní í lè dá a dúró. Ó ní kí ìyá mi tó lóyún mi ni òun ti ń bu omi sí mọ́tò, lónìí èmi ni mo wá ń bi òun pé ibo. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó ní òun kò ní í ro ẹjọ́ níwájú ọmọ tí òun bí. "Ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá gba ulé náà, ẹ kó o lọ s'Ósogbo." Ó wọlé, ó sì fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Mi ò dá a lẹ́bi. Bí wọ́n bá bi èmi náà léèrè bóyá mo mọ ọ̀nà ilé ìdáná mi, ilẹ̀ á mì. Mo ní sùúrù títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tó tún jáde, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé láti ìgbà tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni omi ti ń lọ sílẹ̀ nínú rédíétọ̀. Òun rí i, òun sì sọ fún mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ní kò sí wàhálà, ọkọ̀ tó ti gbó ni, kí òun sáà máa bu omi sí i láàárọ̀.

Ó ní, "Ohun tó ní kí n ṣe ni mo ṣe."

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ní kí ó máa bu omi sí i, òun náà ló dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń sọ fún ọmọ Bàbá pé àgbà ti dé. Ká ní ọkùnrin náà wà níbẹ̀ lásìkò yẹn, ọlọ́pàá ni ì bá là wá.

Mo lọ sí ìdí ọkọ̀. Mo tẹ orí ba wo abẹ́ rẹ̀: ilẹ̀ gbẹ, kò sí ibi tí omi kán sí. Mo ṣí rédíétọ̀: omi ti lọ sílẹ̀ gan-an, ọ́ìlì díẹ̀ sì ń dán lójú rẹ̀. Omi tí wọ́n ń bù láràárọ̀, tí kò jò sílẹ̀, tí kò sì sí nínú rédíétọ̀, ibo ló gbà lọ? Mo fa gééjì yọ. Yàtọ̀ sí pé ó ti di tíì, ó ti ga kọjá àmì. Ọ́ìlì kì í bímọ. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, nǹkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti yé: inú ẹ́ńjìnnì ni omi ti ń sá wọ inú ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì kò sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá sọ èyí fún un, yóò ní irọ́ ni, bàbá mi ni mò ń gbè. Mo nílò ohun tí ojú rẹ̀ máa rí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí kúláǹtì mi. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró fún ọjọ́ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tan án, nínú omi tó dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, díẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá wá rọra dẹ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù, omi ni yóò kọ́kọ́ kán, kí ọ́ìlì tó tẹ̀lé e. Bí omi yẹn bá mọ́ bí omi kànga, Bàbá lè jẹ̀bi, torí kànga wà lẹ́yìn ilé. Bí ó bá láwọ̀ ewé, inú rédíétọ̀ ló ti wá, torí kò sí ẹ̀kán kúláǹtì kan nínú ilé Bàbá. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni gálọ́ọ̀nù náà wà, ó sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi.

Mo sọ fún Bàbá pé kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ títí di Àbámẹ́ta. Ó ní kí ni òun tún fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń padà sí Òṣogbo. Bí omi náà bá wá funfun ńkọ́? Á jẹ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi sọ bàbá mi di ará ẹ̀yìnkùlé Ìdó-Ọ̀ṣun. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n yí ọkàn padà.

Nígbà tó di Àbámẹ́ta, mo pe mẹkáníìkì pé kí ó wá bá wa wo ọkọ̀ kí a tó tà á. Ó sáré wá. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó wá, kí ó sì mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ó wá, ṣùgbọ́n ó lejú bí ẹni pé mo jí nǹkan rẹ̀. Bàbá kò bá wa jáde. Ó wà ní pálọ̀, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

Mo gbé abọ́ funfun kan sí abẹ́ ọkọ̀. Mo ní kí mẹkáníìkì dẹ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ ni."

"Mo ní kí o dẹ̀ ẹ́. Rọra ṣe é, má fà á yọ."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà rẹ̀, ó ń kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo fóònù. Nọ́ọ̀tì dẹ̀. Nǹkan kán sínú abọ́, ó tún kán, ó wá ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í ṣe ọ́ìlì. Omi ni, àwọ̀ ewé sì ni. Kò ki bí ìgbà tó wà nínú gálọ́ọ̀nù, omi kànga tí Bàbá ń bù sí rédíétọ̀ ti là á. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré á mọ̀ pé àwọ̀ ewé ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ́ìlì tó dà bí tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Mo yára gbé abọ́ kúrò kí ó tó bà á jẹ́.

Mo gbé e sí abẹ́ imú ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo nìyí?"

Ó ki fóònù bọ àpò.

"Mò ń bi yín ni."

"Ewé ni."

"Kànga wo ló ń pọn omi aláwọ̀ ewé ní Iléṣà?"

Ó wo mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ti jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Mo bi í pé ibo ni kúláǹtì tó ṣẹ́kù wà. Ó ní ó wà lọ́dọ̀ òun. Mo bi í bóyá ó fún Bàbá nínú rẹ̀ rí. Ó ní rárá. Mo ní, "Ó dáa, báwo ló ṣe rìn dé inú ọ́ìlì?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní Màmá, ẹ jẹ́ kí òun ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé náà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti irú ẹ́ńjìnnì yẹn, ihò rẹ̀ kò bá ti ara irin mu. Bàbá ń kánjú, òun sì ti tú gbogbo ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ni òun bá nu gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dáadáa, òun fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, òun sì dá a padà.

Ó ní, "A máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, Màmá. Ó máa ń mú."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó ní òun kò fẹ́ kí ọ̀gá rò pé òun ń bú ọjà tí wọ́n rà. Ẹ rí i? Ó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, kò sì lè sọ fún un pé ọjà rẹ̀ kò bá a mu. Àgbàlagbà tó wà nílé ni kò bọ̀wọ̀ fún. Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi sọ pé Bàbá ló bu omi sí ọ́ìlì. Ó wolẹ̀, ó ní, "Bàbá ló kúkú ní àwọn bu omi sí i."

Mo gbaná jẹ. Mi ò lè kọ gbogbo ohun tí mo sọ, torí ọmọ Kristẹni ni mí. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú lórí ògiri. Mo sọ fún un pé ìwọ lo ní kí wọ́n máa bu ú, ìwọ lo mọ ibi tí omi ń gbà lọ láti ọjọ́ tí o ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń lẹ bàtà, o sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, lójú ọmọ rẹ̀, o ní orí rẹ̀ ti dàrú kí o lè bo àṣírí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí ó dìde, èmi kọ́ ni ó ṣẹ̀.

Ohun tó wá dùn mí jù ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó wúkọ́, ó tún fìlà ṣe, ó ní, "Ó dáa, mẹkáníìkì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n Bàbá ti dàgbà náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́."

Mo ní, "Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn dàgbà, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa ṣarán. Ẹ wọlé lọ bẹ̀ wọ́n."

"Kí ni mo ṣe? Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo gbọ́." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Bá mi fún wọn."

"Ọwọ́ tí ẹ fi gbà á ni kí ẹ fi dá a padà."

Ó wọlé. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà kí ó má baà sọ pé òun ṣe ohun tí kò ṣe. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" Bàbá ní òun ti jẹun. Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀. Kò tún dárúkọ yàrá ẹ̀yìn mọ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ náà bá délẹ̀, yóò ní gbogbo rẹ̀ ti kọjá. Kọjá lọ síbo?

Èmi ni mo wá gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá ẹ́ńjìnnì náà mu. Mo dúró ti mẹkáníìkì láti òwúrọ̀ títí ó fi tò ó tán, mo fọwọ́ kan èyí tuntun náà kí ó tó gbé orí ẹ́ńjìnnì lé e. Wọ́n fi ọ́ìlì fọ inú ẹ́ńjìnnì, wọ́n dà á nù, wọ́n tún bu mìíràn. Nígbà tí wọ́n tan ọkọ̀, ohùn rẹ̀ dákẹ́ jẹ́jẹ́, èéfín kò sì sí. Mo padà sí Òṣogbo, mo ń sọ ọ́ káàkiri fún àwọn oníbàárà mi bí mo ṣe fi abọ́ kan gba bàbá mi sílẹ̀. Mo rò pé mo ti gbà á sílẹ̀ lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ kí i lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i kí ó wa ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, àwọn ìyá àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí. Bàbá dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, kò bu ú, kò sì gbé e sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà yọ orí lójú fèrèsé, ó sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dé, ibi tó dúró sí nìyẹn, aago ṣọ́ọ̀ṣì sì ti lù.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fi ọwọ́ pè mí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ìyá má baà gbọ́. Ó nàka sí ẹnu rédíétọ̀.

Ó ní, "Ṣé ibí ni?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ibi tó nàka sí ni ibi tó ti ń bu omi sí láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ náà.

Mo ní, "Ibẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ní, "Tún un wò dáadáa."